Kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ilé kan ní Tánkẹ̀, wọn ò gbọ́ra wọn yé: Windows, Mac àti Linux

Olùkọ́Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ẹ̀.

Tánkẹ̀ nílùú Ìlọrin ni ilé wa wà, kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló sì wà nínú ilé. Láàpútọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, Windows 11 Pro ló ń lò, ó sì ti gba àtúnṣe ńlá tí wọ́n ń pè ní 24H2. Àbúrò mi ọkùnrin ní MacBook. Ìkẹta ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Windows 10 ló ń lò tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí àsìkò Windows 10 parí ní October 14, 2025, tí ara rẹ̀ ò sì lè gbé Windows 11, àbúrò mi fi Linux Mint, ètò kan tó ń gba ipò Windows, sí i. Ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo dúpẹ́.

Inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì yìí ni gbogbo ẹrù wa wà: ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ, ìwé ilẹ̀, àti ohùn ìyá tó bí ìyá wa, tí a gbà sílẹ̀ ní Ọ̀fà kí wọ́n tó lọ. Ó lé ní wákàtí mọ́kànlá. Oríkì ilé wa wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀ka èdè Ìbọ̀lọ́ tí ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́ nílé wa.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Tí mo bá ṣí Network lórí Windows, kọ̀ǹpútà orí tábìlì kì í yọjú rárá. Mac máa ń rí i tí àbúrò mi bá jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, tó bá ti gbé e wá sí pálọ̀, kò rí i mọ́. Èyí tó bá rí i náà, pásíwọ́ọ̀dù ni yóò kọ̀. Tí iná bá lọ tó sì dé, ìwọ̀nba tó ń ṣe náà á tún dàrú. Bẹ́ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o!

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àfi ká pa Linux rẹ́, ká dá Windows padà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí.

ẸṣinLeégún · 8:47 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Windows, Mac àti Linux ti ń pín fáìlì fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Rírí yàtọ̀ sí dídé. Orúkọ tó ń yọ nínú Network, ìkéde lásán ni. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ń pariwo orúkọ ara rẹ̀, èyí tó bá gbọ́ irú ariwo yẹn ló máa rí i. Windows ń fi WS-Discovery pariwo, Mac ń fi Bonjour, Linux ń fi Avahi, èyí tó bá Bonjour mu. Ìdí nìyẹn tí Mac fi máa ń tètè rí Linux tí Windows ò fi rí i. Tí wọn ò bá gbọ́ ìpolówó yín lọ́jà, ìyẹn ò ní kí ẹ má wà ní ìsọ̀ yín. Ẹni tó bá mọ ojúlé yín á wá kan ilẹ̀kùn. Àdírẹ́sì ni ojúlé yẹn.

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ tẹ `ipconfig`. Lórí Mint, ẹ ṣí Terminal kí ẹ tẹ `ip a`. Lórí Mac, ẹ wọ System Settings, Wi-Fi, lẹ́yìn náà Details. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ bá rí síbí. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, inú ilé nìkan ló wúlò sí, kò séwu nínú kí ẹ kọ ọ́ sí gbangba.

Ọ̀rọ̀ yàrá ẹ̀yìn àti pálọ̀ tí ẹ sọ yẹn ló ń mú mi fura. Ráútà méjì ló wà nílé yín, àbí?

ÌjàkadìLorò · 9:05 àárọ̀

Ọmọ Ọ̀fà ni èmi náà, ọ̀rọ̀ ohùn ìyá yẹn wọ̀ mí lára. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Olùkọ́, ohun tí wọ́n ṣe sí tèmi nílé rèé. Ẹ wọ Control Panel, ẹ wá Turn Windows features on or off, kí ẹ fi àmì sí SMB 1.0. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa firewall, ìyẹn odi ààbò kọ̀ǹpútà. Ojú ẹsẹ̀ ni tèmi ṣe.

ẸṣinLeégún · 9:11 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo tọrọ gáfárà, ẹ jẹ́ kí n ta kò yín lórí èyí. Olùkọ́, ẹ má ṣe é.

SMB ni èdè tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì. Ẹ̀yà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti gbó, ara rẹ̀ sì ti lu. Ihò yẹn ni WannaCry gbà wọlé ní May 2017, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa káàkiri ayé, tó ń ní kí wọ́n sanwó kó tó ṣí i. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò bọ́. Nígbà tó máa fi di ìparí ọdún náà, Windows 10 tuntun kò gbé SMB1 wá mọ́. Samba tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí Linux náà ti pa á láti ẹ̀yà 4.11 ní 2019. Mint tí olùkọ́ ń lò kò nílò rẹ̀ rárá. Ilé tí ohùn ìyá wọn wà, a ò gbọdọ̀ ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11 ni gbogbo ti ilé yín, ẹ yọ àmì yẹn kúrò, kí ẹ tan firewall padà. Tí nǹkan kan bá kọ̀, ẹ pè wá síbí, a jọ máa wò ó.

ÌjàkadìLorò · 9:34 àárọ̀

Mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Ẹnìkan ló ṣe é fún mi ní 2018, mi ò sì bi í ní ìdí. Mo ti yọ ọ́ báyìí, mo ti tan firewall. Fáìlì mi ṣì ń ṣí.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · 11:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun. Nọ́ńbà wọn rèé:

Windows: 192.168.8.103
Mac ní pálọ̀: 192.168.8.110
Mac ní yàrá ẹ̀yìn: 192.168.0.7
Mint: 192.168.0.5, wáyà ló fi so

Òótọ́ ni, ráútà méjì ni. Èyí tó ní SIM wà ní pálọ̀ lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń mú dáadáa. Wi-Fi rẹ̀ kì í dé yàrá ẹ̀yìn, ògiri ti pọ̀ jù. A wá ra òmíràn, a fa wáyà gba orí síílìnì lọ sẹ́yìn.

ẸṣinLeégún · 12:03 ọ̀sán

Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ wo nọ́ńbà kẹta: 8 ní pálọ̀, 0 lẹ́yìn. Àdúgbò méjì nìyẹn. Ráútà ẹ̀yìn ti mọ odi yí àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ká. Wọ́n lè jáde lọ sí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tiẹ̀ lè lọ kan ilẹ̀kùn àwọn ará pálọ̀, àmọ́ ará pálọ̀ ò lè wọlé tọ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń ṣe tí fáìlì ò fi ṣe.

Ẹ sọ ráútà ẹ̀yìn di ẹni tó kàn ń na Wi-Fi síwájú. Tí ẹ bá rí Access Point mode nínú ojú ìwé rẹ̀, ẹ yàn án, ó parí. Tí kò bá ní in:

Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà tó ti pálọ̀ wá, torí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe ìyókù nígbà tó ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ wọ ráútà náà láti orí Mint, kí ẹ yí àdírẹ́sì LAN rẹ̀ (ti inú ilé) sí 192.168.8.2. Á já yín sílẹ̀. Ẹ tún un wọ̀ ní àdírẹ́sì tuntun yẹn. Ẹ wá pa DHCP rẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ pínpín àdírẹ́sì. Ti pálọ̀ nìkan ni kó máa pín in. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wá dá wáyà pálọ̀ padà, àmọ́ kì í ṣe sí ihò WAN (ti íntánẹ́ẹ̀tì) tó wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN ni kí ẹ kì í bọ̀. Ihò WAN yẹn sábà máa ń ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ẹ pa Mint kí ẹ tún un tàn, kó lè gba àdírẹ́sì tuntun.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · 6:52 ìrọ̀lẹ́

Ó gba ọ̀sán gbogbo, àmọ́ a ṣe é. Mint ti di 192.168.8.112. Tí mo bá ping ẹ̀ láti orí Windows, ìyẹn pé kí n pè é wò bóyá ó wà, ó ń dáhùn. Tí Mint bá ping Windows, kò sí èsì.

Mo tẹ `\\192.168.8.112` sí òkè File Explorer, àpótí kan yọ, ó ní kí n mú orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wá. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀! Mo tẹ nọ́ńbà mẹ́rin tí mo fi ń ṣí láàpútọ́ọ̀pù mi, ó kọ̀. Mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù tí mo fi ń wọ Mint, ó tún kọ̀. Àbúrò mi ní òun ti pín fódà náà láti inú Sharing Options, òun sì fi àmì sí Guest access.

Akẹ́kọ̀ọ́Kọ̀ǹpútà · 7:20 alẹ́

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mà. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ló kù.

Ti ping yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Tí Windows bá ka nẹ́tíwọ̀kì sí Public, kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ lè yí i sí Private nínú Settings torí ilé yín ni, àmọ́ ẹ má pa firewall. Mint ni ẹ fẹ́ wọ̀, Mint sì ti dáhùn.

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ara láàpútọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló mọ. Kì í rìnrìn àjò gba orí wáyà. Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń wọ Mint náà kọ́, torí Samba ní ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀ tó ń kọ pásíwọ́ọ̀dù sí, ó sì ṣófo títí ẹnìkan yóò fi kọ nǹkan sí i. Lórí Mint, kí orúkọ tí ẹ fi ń wọlé jẹ́ oluko fún àpẹẹrẹ, ẹ tẹ:

`sudo smbpasswd -a oluko`

Á béèrè pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, kò ní fi nǹkan kan hàn lójú; ó ń gbọ́ yín. Tí firewall Mint bá wà ní títàn, ẹ tẹ `sudo ufw allow Samba` kún un.

Ọ̀rọ̀ Guest, ẹ bá wa sọ fún bọ̀dá pé kí wọ́n yọ àmì náà. Windows 11 Pro tó bá ti dé 24H2 kì í gba àlejò tí kò ní orúkọ mọ́. Ó ń fẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń bá a sọ̀rọ̀ fọwọ́ sí gbogbo ohun tó bá sọ, Guest ò sì ní ohun tí yóò fi fọwọ́ sí i. Mo fara mọ́ ọn, ohun tó dára ni.

Tó bá tún kọ̀, ẹ wá Credential Manager lórí Windows, kí ẹ pa èyí tó ní 192.168.8.112 rẹ́. Windows lè máa rántí èyí tí ẹ tẹ̀ tó kọ̀, kó máa tún un mú lọ láìsọ fún yín.

Mo fẹ́ràn Samba gan-an, mà. Andrew Tridgell, ọmọ ilẹ̀ Australia, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1992. Ẹnikẹ́ni ò fún un ní ìwé èdè náà. Ó ń tẹ́tí sí ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń sọ lórí wáyà ni, títí ó fi gbọ́ ọ, tó sì ń fèsì. Bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè lẹ́nu ìyá rẹ̀ náà ni.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · 9:18 alẹ́

Ó WỌLÉ! Ó wọlé lórí Windows, ó wọlé lórí Mac. Lórí Mac, Go, Connect to Server la gbà, a tẹ `smb://192.168.8.112`. Àbúrò mi dúró ní pálọ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jáde láṣeyege.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Àìkú, 2:30 ọ̀sán

Iná lọ lóru, ó dé láàárọ̀, kò ríra mọ́. Mo lọ wo Mint, ó ti di 192.168.8.105.

ẸṣinLeégún · 3:02 ọ̀sán

Ráútà ló ń pín àdírẹ́sì fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé. Gbogbo wọn kú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jí lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó yára ló kọ́kọ́ gbà. Ẹ wọ ráútà pálọ̀, ẹ wá Address Reservation tàbí Static DHCP, ẹ yan Mint nínú àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ fún un ní 192.168.8.120. Láti ìgbà náà lọ, ti Mint ni.

Mac ò nílò rẹ̀, torí òun kọ́ lẹ ń lọ bá. Tí ẹ bá tiẹ̀ fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo Private Wi-Fi Address nínú rẹ̀. Láti macOS Sequoia ní 2024 ni Mac ti lè máa fi nọ́ńbà àdáṣe han ráútà dípò ti ara rẹ̀ gan-an.

Tí ẹ bá fẹ́ kí Mint máa yọjú fúnra rẹ̀ nínú Network lórí Windows, ètò kan wà tó ń jẹ́ wsdd nínú Software Manager. Òun ló ń bá Linux pariwo ní irú èyí tí Windows ń gbọ́.

ÌjàkadìLorò · 3:40 ọ̀sán

Èyí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe. Olùkọ́, ẹ ra bátìrì kékeré tí wọ́n ń ṣe fún ráútà, ẹ fi sí méjèèjì. Kí ẹ tó rà á, ẹ yí ṣájà ráútà kọ̀ọ̀kan po kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbi Output: 12V wà, 9V wà, 5V náà wà. Èyí tó bá bá a mu ni kí ẹ rà. Tí ẹ bá ki 12V bọ ti 9V, ẹ lè jó o. Iná máa ń lọ fún wákàtí, ráútà ò sì ní mọ̀ pé ó lọ.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe ti 120, iná ti lọ tó sì ti dé lẹ́ẹ̀mejì, kò yẹ̀. Bátìrì, mo ti rí i rà.

Nǹkan kan ló tún yọ. Nínú fódà ohùn ìyá tó bí ìyá wa, mo rí fáìlì méjì tí orúkọ wọn ò fi ibì kankan yàtọ̀: "Oríkì Ọ̀fà.mp3" àti "Oríkì Ọ̀fà.mp3". Mo ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ka àmì kọ̀ọ̀kan. Mélòó kan wà bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n pa ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ́ nínú wọn? Òmíràn tún wà tí àbúrò mi kọ "Ta ni Ọlọ́fà?.mp3" sí, Windows ń pè é ní nǹkan játijàti kan tó ní ~ nínú.

ỌmọÒmùÀrán · 5:58 ìrọ̀lẹ́

Mà, mo bẹ̀ yín, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí ti dà mí láàmú rí.

Èyí tó ní ~, àmì ìbéèrè ló fà á. Windows kì í gba ? tàbí : nínú orúkọ fáìlì, Linux ń gbà á. Ẹ yọ àmì náà láti orí Mint, ó tán.

Ti méjì-méjì yẹn, ọ̀nà tí a ń gbà kọ èdè wa ló fà á. Ẹ mú "Ọ̀fà". Ọ̀nà kan ni kí Ọ pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀ jẹ́ odidi kan, kí àmì ohùn lẹ̀ mọ́ ọn, kí f tẹ̀ lé e, kí à sì jẹ́ odidi kan. Ọ̀nà kejì ni kí a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀: O lásán, àmì abẹ́, àmì ohùn, f, a lásán, àmì ohùn. Lójú wa, bákan náà ni. Nínú disk, ẹ wò ó:

`e1 bb 8c cc 80 66 c3 a0`
`4f cc a3 cc 80 66 61 cc 80`

Byte, ìyẹn ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, 8 ni ti òkè, 9 ni ti ìsàlẹ̀. Ti òkè ń jẹ́ NFC, ti ìsàlẹ̀ ń jẹ́ NFD. Linux kì í wo ojú lẹ́tà, byte ló ń kà, nítorí náà fáìlì méjì ni wọ́n lójú tirẹ̀. Èyí tí ẹ tẹ̀ lórí Windows sábà máa ń jẹ́ NFC. Mac ló máa ń tú u palẹ̀, pàápàá èyí tó ti gbé orí disk HFS+ rí, ìyẹn ìlànà àtijọ́ tí Mac fi ń to fáìlì. Gẹ̀ẹ́sì kì í ní irú wàhálà yìí torí kò ní àmì. Èdè tiwa ní in níbi gbogbo, Ọ tó ní àmì ohùn kò tiẹ̀ ní odidi kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ìyẹn àkójọ kóòdù lẹ́tà àwọn èdè. Kì í ṣe ìdí tí a ó fi máa kọ orúkọ láìsí àmì o! Ẹ fi àmì yín sí i.

Ṣé bọ̀dá ti fi nǹkan ránṣẹ́ láti Mac sí Mint láìgba Samba rí?

Olùkọ́Tánkẹ̀ · 6:10 ìrọ̀lẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní scp, àṣẹ kan tó ń da fáìlì kọ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, lòun lò, nígbà tí Samba ò ṣe.

ỌmọÒmùÀrán · 6:31 ìrọ̀lẹ́

Ibẹ̀ ló gbà wọlé. Ẹ da gbogbo fódà náà kọ sórí disk míì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Terminal nínú fódà náà, kí ẹ tẹ `sha256sum *.mp3`. Gbogbo fáìlì ni yóò kọ nọ́ńbà gígùn kan sí iwájú rẹ̀. Méjì tí nọ́ńbà wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, inú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ lè yọ ọ̀kan. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ fi etí gbọ́ méjèèjì, kí ẹ fún ọ̀kan lórúkọ mìíràn.

Tí kò bá ti sí méjì-méjì mọ́, ẹ fi `sudo apt install convmv` gba convmv, ètò tó ń tún orúkọ fáìlì kọ, kí ẹ tẹ:

`convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r .`

Yóò kàn fi ohun tó fẹ́ ṣe hàn yín ni, kò ní tíì ṣe é. Tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tún un tẹ̀ kí ẹ fi `--notest` kún un.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:44 alẹ́

Méjìlá ló ní èkejì. Mọ́kànlá jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó kù ni "Oríkì Ọ̀fà".

Mo gbọ́ méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tó wà lórí Mint tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ti gé e níbi tí Màmá ti dákẹ́. Èyí tó ti Mac wá kò dúró níbẹ̀. Àkùkọ kọ, ẹnìkan gbé odó kọjá, Màmá wá ní, "Ó tì, mo ṣì í pè," wọ́n sì tún oríkì bàbá wọn kì láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìlà mẹ́ta tí mi ò gbọ́ rí. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí mo bá ti pa á rẹ́ ní Ọjọ́ Ajé, òun ni ǹ bá pa, torí ó dà bíi pé àdàkọ ni.

Mo ti pe ìyá mi wá sí pálọ̀, wọ́n gbọ́ ọ látorí Mac.

ÌjàkadìLorò · 10:59 alẹ́

Olùkọ́, tí kò bá ni yín lára, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìlà mẹ́ta yẹn. Ó ṣeé ṣe kí n mọ ilé tí wọ́n ń kì.

Olùkọ́Tánkẹ̀ · 11:06 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, màá bi ìyá mi láàárọ̀, torí ti wọn ni. Gbogbo fódà náà ti wà lórí disk méjì báyìí, ọ̀kan nílé, ọ̀kan ń bá àbúrò mi lọ sí Ọ̀fà ní Ọjọ́ Ẹtì. Mo kọ 192.168.8.120 àti 192.168.8.2 sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ráútà pálọ̀.